Àwọ̀ Mẹ́ta, Oògùn Kan

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ ìránṣọ márùn-ún ló ń dún pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá. Aṣọ iléèwé igba ló wà nílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó ń gé ń gé, ẹni tó ń rán ń rán, Baba Aláyọ́ọ̀nù tó ń lọ aṣọ sì dúró ti tábìlì rẹ̀, tí òógùn ń kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Àbúrò Ọ̀gá ni, ọ̀dọ́bìnrin kan. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ìyẹn ni gbogbo wọn ṣe ń pè é ní Oníbọ́tìnnì. Ó fọwọ́ òsì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́.

"Ṣé eyín yẹn náà ni?" Ọ̀gá bi í láti ìdí ẹ̀rọ.

"Òun náà ni, Àǹtí mi. Ó dà bíi pé wọ́n ń fi òòlù kàn án."

"O ti jẹun?"

"Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́?"

"Ẹnu tó o fi bú mi lánàá ńkọ́?" Baba Aláyọ́ọ̀nù dá sí i.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ó ń ta mí dé etí."

Ọ̀gá dìde. Orí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló to àwọn agolo bọ́tìnnì sí, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú agolo tirẹ̀. Ní ìparí pẹpẹ yẹn ni agolo kan wà tí kì í ṣe ti bọ́tìnnì. Oògùn ló wà nínú ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù bá ra oògùn tí díẹ̀ ṣẹ́kù, Ọ̀gá á ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú káàdì rẹ̀ kí wọ́n dà á síbẹ̀, nítorí pé káàdì ń gba àyè, kì í jẹ́ kí ìdérí agolo dé dáadáa. Bó ṣe ń ṣa bọ́tìnnì ló ṣe ń ṣa oògùn. Ó fi pépà ya inú agolo náà sí mẹ́ta: funfun lọ́tọ̀, yẹ́lò lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì rí i rí kí bọ́tìnnì funfun jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú yẹ́lò. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ náà loògùn rí.

"Gba funfun méjì," ó ní, "ti ẹ̀fọ́rí ni, ó máa ran eyín náà lọ́wọ́. Gba yẹ́lò méjì, ti ọ̀fìnkìn àti ibà ni, ara rẹ gbóná. Gba pupa méjì, ti ara ríro nìyẹn, o ò sùn."

Oníbọ́tìnnì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Àǹtí mi?"

"Ta ló ní mẹ́fà? Oríṣi mẹ́ta ni, méjì-méjì. Ta lo rí tí méjì pa rí?"

Ó dà á sẹ́nu, ó fi omi tì í lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, eyín náà tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tún ka mẹ́fà sí i lọ́wọ́. Kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó tún fún un ní mẹ́fà. Ní Ọjọ́rú, bákan náà: àárọ̀ mẹ́fà, ọ̀sán mẹ́fà, ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà. Oúnjẹ kò wọnú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, omi nìkan ló ń mu. Inú Ọ̀gá dùn, nítorí pé eyín náà ń dákẹ́ lẹ́yìn oògùn kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì ń rán bọ́tìnnì rẹ̀. Ó tilẹ̀ wí fún Baba Aláyọ́ọ̀nù pé, "Ẹ ò rí i? Ẹni tó bá ní agolo yìí, kí ló ń wá lọ́dọ̀ dókítà?"

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Oníbọ́tìnnì sáré dìde nídìí iṣẹ́, ó sì bì sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń da àjákù aṣọ sí. Ó bì títí tó fi jẹ́ pé omi kíkorò lásán ló ń jáde.

"Àbí ká bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ọmọ tuntun ni?" Baba Aláyọ́ọ̀nù wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tó rí ojú ọmọ náà. Ojú náà funfun bí ẹfun, òógùn tútù sì bò ó.

"Ibo ló ń dùn ọ́?" Ọ̀gá bi í.

"Ibí yìí." Ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀ ọ̀tún. "Eyín kọ́ ló ń dùn mí mọ́, Àǹtí mi. Ibí yìí ni. Ó wúwo bíi pé wọ́n gbé òkúta síbẹ̀."

Ọwọ́ Ọ̀gá ti ń lọ sí orí pẹpẹ. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn: bí nǹkan bá ń dun èèyàn, agolo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Baba Aláyọ́ọ̀nù gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ọ̀gá, rárá o. Ẹni tó ń bì kọ́ là ń da oògùn sí nínú. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ńkọ́?"

"Aṣọ ò lè kú, Ọ̀gá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba Ọ̀gá. Ó mú báàgì rẹ̀, ó ti agolo oògùn bọ inú ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó rí àgbá ìdọ̀tí ńlá kan, ó sì wá mọ ìdí náà. Ó fẹ́ sọ agolo náà nù ni. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, ta ni wọ́n máa ní ó fún un lóògùn? Ìyá wọn ti dàgbà, òun ló sì fa àbúrò náà lé e lọ́wọ́. Ojú wo ni yóò fi wo ìyá wọn? Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá náà. Èèyàn pọ̀ jù níbẹ̀. Ó wọlé.

Dókítà yẹ Oníbọ́tìnnì wò, ó tẹ ìhà rẹ̀, ọmọ náà sì pariwo. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ni apòògùn ọsibítù náà wọlé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ jígí, tó mú bírò àti pépà dání. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Dókítà ní kí n wá béèrè oògùn tó ti lò, gbogbo ẹ̀ pátá, látìgbà tí eyín ti ń dùn ún."

Ọ̀gá di báàgì mọ́ àyà. "Parasitamọ́ọ̀lù."

"Mélòó?"

"Méjì péré."

"Méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbí méjì lójúmọ́?"

"Méjì ṣá ni."

Apòògùn kò kọ nǹkan kan. Ó wo Ọ̀gá, ó wo báàgì tó dì mọ́ àyà.

Ibi tí wọ́n wà yìí ni Oníbọ́tìnnì ti gbé orí sókè. "Àǹtí mi, ó ti ń fúyẹ́. Èébì ti dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Ọkàn Ọ̀gá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ti dìde dúró. "Ọlọ́run ṣeun! Ẹ ò rí i? Àárẹ̀ lásán ni. A máa padà wá bó bá—"

"Ẹ jókòó, mà."

Ohùn apòògùn kò le, ṣùgbọ́n Ọ̀gá jókòó.

"Mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí mò ń rò ni, ìgbà tí ara bá fúyẹ́ báyìí gan-an ló ń bà wá lẹ́rù jù. Inú á dákẹ́, èébì á dúró, aláìsàn á ní kí wọ́n máa gbé òun lọ sílé. Ẹ̀dọ̀ á sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, wọ́n á tún gbé e padà wá, àwa á sì máa wò ó lójú láìlè ṣe nǹkan kan."

Oníbọ́tìnnì dá orí padà sórí ìrọ̀rí. Ojú rẹ̀ wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyá mi, kì í ṣe kí n lè dá yín lẹ́jọ́ ni mo ṣe ń béèrè. Oògùn kan wà tó lè gbà á sílẹ̀, bó bá tètè dé ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Mo gbọ́dọ̀ mọ òótọ́. Bí ẹ bá fi iye rẹ̀ pa mọ́ fún mi, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò ní bá yín fi pa mọ́."

Oníbọ́tìnnì na ọwọ́, ó di etí aṣọ Ọ̀gá mú, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì. Kò sọ fún apòògùn pé irọ́ ni Ọ̀gá ń pa.

Ọ̀gá bú sẹ́kún. Ó fa agolo yọ nínú báàgì, ó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi ni. Èmi ni mo fún un. Funfun méjì, yẹ́lò méjì, pupa méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó kú."

Apòògùn ṣí agolo náà. Ó mú kóró kọ̀ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná. "Funfun yìí, mo mọ̀ ọ́n. Yẹ́lò yìí àti pupa yìí, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú wọn pọ̀. Káàdì wọn dà?"

"A máa ń sọ káàdì nù ni, mà."

"Níbo lẹ sọ ọ́ sí?"

Ọ̀gá pe Baba Aláyọ́ọ̀nù lórí fóònù. Wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń da àpò àjákù aṣọ sílẹ̀, tó ń tú u, tó ń kùn. "Òwú... òwú... ìdí sígá ta nìyí?... Ọ̀gá, mo ti rí ọ̀kan! Mo ti rí i!"

"Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i, Baba," apòògùn wí sínú fóònù. "Ẹ fi orúkọ ńlá iwájú sílẹ̀. Ẹ ka èyí tó wà lábẹ́, tí wọ́n kọ wínníwínní."

"Kí n mú jígí mi ná. Èyí funfun ni. Pa-ra-si-ta... parasitamọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílígíráàmù."

"Òmíràn?"

Wọ́n gbọ́ bó ṣe tún ń tú àpò náà. "Èyí tí wọ́n ya imú sí lára nìyí, ti ọ̀fìnkìn, yẹ́lò. Parasitamọ́ọ̀lù ló tún kọ síbí o. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nǹkan míì tún tẹ̀ lé e."

"Ti pupa ńkọ́?"

Ọ̀gá ti di ojú. Ó ti mọ̀ kó tó gbọ́.

"Parasitamọ́ọ̀lù," ni Baba Aláyọ́ọ̀nù wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà ni. Ọ̀gá, oògùn kan náà ni gbogbo wọn."

Apòògùn ṣírò rẹ̀ sórí pépà. Méjìdínlógún lójúmọ́. Mẹ́rìndínlógójì ní ọjọ́ méjì. "Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọ́dọ̀ kọjá mẹ́jọ irú kóró yìí láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún," ó wí. Ó dìde, ó sáré lọ bá dókítà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi fa omi sí Oníbọ́tìnnì lára, oògùn náà sì wà nínú omi ọ̀hún. Èsì ẹ̀jẹ̀ tó jáde fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti fara pa gan-an. Nígbà tí apòògùn padà wá, Ọ̀gá béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Oògùn gidi ni, mo mọ ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ayédèrú. Báwo ni oògùn gidi ṣe di májèlé?"

"Iṣẹ́ yín ni mo máa fi ṣàlàyé ẹ̀. Bí oògùn bá wọnú ara, kì í jókòó síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń gé e, tó ń tún un ṣe, kó lè bá ìtọ̀ jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú parasitamọ́ọ̀lù ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ bá ti gé e, ó máa ń di nǹkan míì tó mú, tó ń gún nǹkan. Nǹkan yẹn kò sí nínú kóró oògùn tẹ́ ẹ rà. Inú ara ló ti ń di bẹ́ẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ara rẹ̀ ló ṣe májèlé fún ara rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wò ó bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí lẹ fi ń ṣa á?"

"Òòfà."

"Ẹ̀dọ̀ náà ní nǹkan tó dà bí òòfà. Bí abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì bá ṣẹ́, á gbé e kó tó gún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá lo oògùn náà níwọ̀n ò fi ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n òòfà tiwa yìí, bó bá ti gbé ọ̀kan, ó ti bá a lọ nìyẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá ń ṣẹ́ ṣáá láìdáwọ́ dúró, òòfà á tán nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá kù, ara ẹ̀dọ̀ ló ń gún."

"Kò sì jẹun," Ọ̀gá wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ohun tó tún dá kún un nìyẹn. Inú oúnjẹ ni ara ti ń rí ohun tó fi ń ṣe òòfà tuntun. Ọjọ́ méjì ló fi wà láìjẹun, ẹ sì ń da abẹ́rẹ́ sí i. Oògùn tó wà nínú omi yìí ló ń bá ẹ̀dọ̀ ṣe òòfà míì. Ká ṣáà máa retí pé ó bá a lásìkò."

"Ká máa retí?"

"Mi ò ní parọ́ fún yín, mà. Ká máa retí."

Ọ̀gá jókòó sórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń wo omi tó ń kán nínú rọ́bà, tó, tó, tó. Ẹ̀rù ń bà á láti wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Oníbọ́tìnnì la ojú, Ọ̀gá sì rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ti di yẹ́lò. Ó fi ìbòrí di ẹnu kí igbe má bàa jáde. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sùn, ó ní kí wọ́n bá òun gbé bọ́tìnnì wá, ó tún béèrè ohun kan náà, ó tún béèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyá wọn pè lórí fóònù. "Ṣé àlàáfíà ni? Ọkàn mi ò balẹ̀."

Ọ̀gá ì bá ti parọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ìyá náà wí pé, "Má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni apòògùn dé pẹ̀lú pépà èsì ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ọ̀gá kàn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Nọ́ńbà tó ń fi hàn pé ẹ̀dọ̀ fara pa ti ń wálẹ̀. Kò tíì dáa, ṣùgbọ́n kò burú sí i mọ́. Ká ní ẹ gbé e lọ sílé lọ́jọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ."

Oníbọ́tìnnì lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù. Ó rù débi pé aṣọ rẹ̀ ń yọ́ kúrò ní èjìká. Nígbà tí ara rẹ̀ gbà á, oníṣègùn eyín yọ eyín náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Eyín tó ti jẹrà ni, kò sì sí oògùn inú agolo kankan tó lè wò ó sàn. Ká ní wọ́n ti lọ yọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní ni, wọn ì bá má dé ibi tí wọ́n dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, parasitamọ́ọ̀lù kì í ṣe oògùn burúkú. Bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, ó ń ṣiṣẹ́. Àṣejù ló ń pani, àṣejù náà sì lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀, torí pé parasitamọ́ọ̀lù wà nínú oògùn ẹ̀fọ́rí, ó wà nínú ti ọ̀fìnkìn, ó wà nínú ti ara ríro, nígbà míì ó wà nínú oògùn ikọ́ olómi. Ẹ má wo àwọ̀. Ẹ má wo orúkọ ńlá iwájú páálí. Ẹ ka èyí tí wọ́n kọ wínníwínní lábẹ́, ẹ tún wo iye rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹ bá rí orúkọ kan náà lára méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ jẹ́ kí oògùn wà nínú káàdì rẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa lò ó. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, ẹni tó rù gan-an, ẹni tó ń mutí, àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n bi apòògùn kí wọ́n tó lò ó, nítorí iye tiwọn lè má tó ti ẹlòmíràn. Ti ọmọdé yàtọ̀ pátápátá: bí ara ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí ìrora kan bá sì lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ẹ lọ wá ohun tó ń fà á, ẹ má kàn máa pa á lẹ́nu mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá lo oògùn jù, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá ní ara òun le koko. Ẹ má dúró títí ojú rẹ̀ á fi di yẹ́lò. Ẹ kó gbogbo oògùn náà dání, ẹ sì sọ iye tó lò gan-an àti ìgbà tó lò ó. Wọ́n lè bá yín wí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wí. Èèyàn lè bọ́ nínú ìtìjú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kú ò ní padà wá gbọ́ àwáwí wa.